Wọ́n ní kí n rọ símẹ́ǹtì sínú blọ́ọ̀kù ẹ́ńjìnì Honda mi. Ṣé yẹ̀yẹ́ ni wọ́n ń fi mí ṣe?

ỌmọTáńkẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ọ̀gá mi. Ọ̀rọ̀ kan ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ Jímọ̀, n ò sì fẹ́ náwó tán kí n tó kígbe síta.

Accord 2004 ni mo ní, EOD tí gbogbo wa mọ̀. Ẹ́ńjìnì K24A4 ló wà nínú rẹ̀, 160 hp ló gbé kúrò ní ilé-iṣẹ́. Mo ti yọ gíà ọ̀tọ̀matíìkì, mo ti fi gíà ọlọ́wọ́ sí i. Tọ́bò ti wà nílẹ̀, mánífóòdù rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ wẹ́dà kan ní Gáà-Akánbí. 400 hp ni mò ń wá. Ẹ má bi mí pé kí ni mo fẹ́ fi ṣe. Màmá mi ti bèèrè títí ó fi sú wọn.

Mo ti sọ ẹ́ńjìnì kalẹ̀, mo ti tú u. Ìgbà tí a gbé tọ́pù sílíńdà kúrò ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Mẹ́káníìkì mi ní kò sí ìṣòro, ká kàn dì í padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó bá a wá ní irọ́ ni, pé òkè blọ́ọ̀kù yìí ṣí sílẹ̀. Ó ní kí n wò ó: ihò pístọ́nù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin tò mọ́ra bí ife mẹ́rin tí wọ́n gbé sáàárín abọ́ omi, kò sí nǹkan kan tó so ọrùn wọn mọ́ ògiri ìta. Mo wò ó, wàláì, bẹ́ẹ̀ ló rí. Ó ní bí tọ́bò bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ afẹ́fẹ́ wọlé, àwọn ife yẹn á máa mì, wọ́n á jẹ tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì, tó bá yá wọ́n á là.

Mo gba Táíwò lọ. Ẹni tó ń ta páàtì níbẹ̀ ní òun lè bá mi wá òrùka alumíníọ̀mù kan tí wọ́n ń gbá sínú ọ̀nà omi láti fi há ọrùn ihò náà mọ́lẹ̀, block guard ló pè é. Bí mo ṣe ń ṣírò owó ìyẹn lọ́wọ́, bọ̀ọ̀dá kan tó jókòó sórí táyà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kí n má da ara mi láàmú, kí n rọ símẹ́ǹtì sínú ọ̀nà omi dé ìdajì, ó parí. Kò rẹ́rìn-ín o. N ò mọ̀ bóyá kí n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni àbí kí n bá a jà.

Owó tó kù lọ́wọ́ mi kò ju ₦800,000 lọ. Kí ni kí n ṣe sí blọ́ọ̀kù yìí? Ṣé tọ́nà tó lè wọ slíìfù, ìyẹn páìpù irin tí pístọ́nù ń rìn nínú rẹ̀, sí i wà ní Ìlọrin, àbí Èkó ni kí n gbé e lọ?

Gọ́ọ̀fùMẹ́ta

Tà á.

Mo sọ ọ́ tọkàntọkàn. Ẹni tó bá fẹ́ tọ́bò, irin ni kó wá. Gọ́ọ̀fù 3 tèmi tó wà ní Òmù-Àrán yìí, 2.0 tí wọ́n ń pè ní ABA, irin ni blọ́ọ̀kù rẹ̀ látòkè délẹ̀. Mo fi tọ́bò kékeré sí i, gíà ló kọ́kọ́ kú, kì í ṣe ẹ́ńjìnì. Bí owó bá sì wà, wá Lexus GS300 tàbí IS300 tó ní 2JZ-GE. Ihò mẹ́fà, 86 mm ní fífẹ̀, 86 mm ní gígùn ìrìn pístọ́nù, bẹ́ríìn kráńkì méje, òkè blọ́ọ̀kù dí pa. Kò sí pé ẹnikẹ́ni ń ronú símẹ́ǹtì.

Alumíníọ̀mù, ìkòkò ọbẹ̀ la fi ń rọ tiwa.

Tọ́nàGàréèjìỌ̀fà

Gọ́ọ̀fù, ọmọ yẹn kò bèèrè mọ́tò tí yóò rà. Ó ti ní mọ́tò.

Ọmọ mi, ẹni tó sọ símẹ́ǹtì fún ọ kò fi ọ́ ṣe yẹ̀yẹ́. Kò kàn sọ ọ́ tán ni. Àwọn tó ń bá ara wọn sáré lójú ọ̀nà tààrà ní Amẹ́ríkà ń ṣe é. Kì í ṣe èyí tí a fi ń mọlé; èyí tí wọ́n dìídì pò fún un ni, tí kì í súnkì tó bá gbẹ. Símẹ́ǹtì ilé á súnkì, á fi àyè sílẹ̀ láàárín òun àti ara ihò, nígbà náà kí lo wá dì mú? Wọ́n á rọ ọ́ dé ìdajì, wọ́n á fi ìdajì òkè sílẹ̀ fún omi, wọ́n á jẹ́ kó gbẹ dáadáa kí wọ́n tó bọ́ọ̀, ìyẹn kí wọ́n tó fi ẹ̀rọ gbẹ́ inú ihò, torí ó máa ń yí ihò padà. Mọ́tò wọn á sáré fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan, wọ́n á pa á, wọ́n á wọ́ ọ padà sí ààyè rẹ̀. Ìwọ ńkọ́? Wàá jókòó sínú gósìlóò Post Office ní oṣù kẹta, nígbà tí oòrùn Ìlọrin ń yan ènìyàn bí àgbàdo. Ooru ìdajì ìsàlẹ̀ tí kò rí omi mọ́, inú ọ́ìlì ló ń gbà lọ, ọ́ìlì á sì máa ṣàn bí omi. Gbàgbé símẹ́ǹtì.

Òrùka yẹn náà, mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ méjì nínú blọ́ọ̀kù àwọn oníbàárà. Bí o bá ṣe ń gbá a wọlé, ó ń ti ihò láti ìta. Ihò tó ti róbótó á rí bí ẹyin, ojú kò ní rí i, géèjì ló máa rí i. Àfi kí o bọ́ọ̀, kí o sì họ́ọ̀nù, ìyẹn kí o fi òkúta dán inú ihò, lẹ́yìn tó ti wọlé. Ó tún ń dínà fún omi tó yẹ kó gòkè sínú tọ́pù sílíńdà, níbi tó gbóná jù lọ. Ẹni tó ń tà á kì í sọ ìyẹn.

Wàyí o, kí ló dé tí Honda fi òkè rẹ̀ sílẹ̀? Kì í ṣe pé wọn ò mọ̀. Móòdù irin ni wọ́n ń fi ipá ti alumíníọ̀mù yíyọ́ sí, móòdù náà sì gbọ́dọ̀ ṣeé fà yọ látòkè. Bí wọ́n bá fẹ́ kí òkè dí, àfi kí wọ́n fi iyanrìn mọ inú ọ̀nà omi, kí wọ́n gbọn ọ́n dànù tó bá yá. Ìyẹn pẹ́, ó sì wọ́n. Fún 160 hp, ohun tí wọ́n ṣe tó, ó tó fún ọ àti ọmọ rẹ.

Pístọ́nù kì í wulẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ tààrà. Nígbà tí iná bá ràn, kọ̀nẹ́tìn-rọ́ọ̀dù, irin tó so pístọ́nù mọ́ kráńkì, ti fì sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ń gbé pístọ́nù tì mọ́ ara ihò ní ẹ̀gbẹ́ kejì. Agbára náà sì pọ̀ jù nígbà tí pístọ́nù ṣì wà nítòsí òkè. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ọrùn ihò ló ń jìyà. Ó ń mì díẹ̀díẹ̀, ó ń fi tọ́pù gáskẹ́ẹ̀tì họra, títí iná á fi rí ọ̀nà sínú omi. Wàá ṣí rẹdiétọ̀, wàá rí i tó ń hó bí ògì.

Slíìfù ló kàn, níbí ni mo ti ní ìtìjú kan láti sọ.

1987 ni mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tọ́nà, ara 504 ni mo sì ti kọ́ ọ, Peugeot tí wọ́n ń tò ní Kàdúná. Láínà 504, ìyẹn slíìfù rẹ̀, kì í ṣe ara blọ́ọ̀kù. Ó kàn jókòó sínú rẹ̀ ni, omi ń yí i ká, tó bá jẹ, o fà á yọ, o ju tuntun sí i. Ohun tí ọ̀gá mi fi máa ń gbá wa létí ni pé ẹnu láínà gbọ́dọ̀ yọ díẹ̀ ju ojú blọ́ọ̀kù lọ, ìwọ̀n bí irun orí, kí tọ́pù sílíńdà lè rí nǹkan tẹ̀ mọ́lẹ̀. Bó bá rì, kí o má wulẹ̀ di bọ́ọ̀tù.

Mo mọ èyí láti kékeré. Síbẹ̀, ní ọdún mélòó kan sẹ́yìn, oníbàárà kan gbé blọ́ọ̀kù Honda wá láti Àjàṣẹ́-Ìpo, ihò kẹta ti fàya. Mo bọ́ọ̀ ọ́, mo tẹ slíìfù irin tín-ínrín sínú rẹ̀, bí mo ṣe ń ṣe fún blọ́ọ̀kù onírin láti ọjọ́ pípẹ́. Mo bọ́ọ̀ ọ́ láti òkè délẹ̀, n ò fi pèpéle sílẹ̀ nísàlẹ̀ tí slíìfù máa jókòó lé. Nígbà tí mo dì í, ó mú dan-indan-in. Ṣùgbọ́n tí ooru bá dé, alumíníọ̀mù ń gbòòrò tó bí ìlọ́po méjì irin. Blọ́ọ̀kù gbòòrò, slíìfù dúró sí ibi tó wà, ìdìmú tú, slíìfù rọra rì. Kò rì ju ìwọ̀n bébà lọ. Oníbàárà mi ń lọ sílé ní alẹ́ ọjọ́ kan, kò tíì kọjá Ìdófìan tí mọ́tò fi bẹ̀rẹ̀ sí í tú èéfín funfun bí ẹni ń sun igbó. Mo ra blọ́ọ̀kù mìíràn fún un, mo tò ó lọ́fẹ̀ẹ́. Kò bú mi, ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù.

Èyí tí wọ́n ń ṣe fún tọ́bò ńlá, irú ti ilé-iṣẹ́ Darton, kì í ṣe tín-ínrín tí mo tẹ̀ yẹn. Wọ́n á gé ihò ilé-iṣẹ́ dànù pátápátá. Slíìfù tuntun nípọn, irin rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tó ń fọ́ bí àwo, etí òkè rẹ̀ sì fẹ̀ débi pé mẹ́rẹ̀ẹ̀rin á wọ ara wọn bí páńkì, òkè á sì dí. Iṣẹ́ tó dára ni. Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ tó ń gé e gbọ́dọ̀ mọ ibi tó wà dé ìwọ̀n ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún mílímítà, wọ́n sì gbọ́dọ̀ di torque plate mọ́ òkè blọ́ọ̀kù nígbà tí wọ́n bá ń họ́ọ̀nù. Páànù irin nínípọn ni, ó ń ṣe bí tọ́pù sílíńdà, torí tí bọ́ọ̀tù bá mú, ihò ń yí. N ò ní ti K24. Ṣebí ìlọ irin la fi sọ ìlú yìí lórúkọ, mo sì fẹ́ràn kí n sọ pé ìlú wa ló yẹ kó ti ṣe é, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún ọmọ ọlọ́mọ.

Ó kù síbì kan. Fún 400 hp tí o ń wí yìí, o ò tíì nílò slíìfù rárá. Kọ̀nẹ́tìn-rọ́ọ̀dù K24A4 ló máa kọ́kọ́ tẹ̀. Ra rọ́ọ̀dù àti pístọ́nù tí wọ́n fi òòlù lù, kì í ṣe èyí tí wọ́n yọ́ dà. Lẹ́yìn náà, ríìngì, òrùka tó yí pístọ́nù ká. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìparun jù. Ihò rẹ 87 mm. Fún tọ́bò, fi 0.006 sọ ọ́ di púpọ̀: 0.52 mm ni kí àlàfo ẹnu ríìngì òkè wà. Àwọn ọmọ máa ń fi í sí bó ṣe wà fún ẹ́ńjìnì lásán. Ooru tọ́bò dé, ríìngì gùn, ẹnu méjèèjì kanra, kò síbi tó máa lọ mọ́, ó ya etí pístọ́nù dànù. Wọ́n á kó o wá bá mi, wọ́n á ní, "Bàbá, blọ́ọ̀kù Honda ò lágbára."

Epo wa ńkọ́? Epo tí a ń rà kì í ṣe octane 98 tí wọ́n ń rà ní Jámánì. Bí ẹni tó ń ṣètò kọ̀ǹpútà ọkọ̀ rẹ bá fi iná ràn jù tẹ́lẹ̀ àkókò, epo á máa bú gbàmù fúnra rẹ̀, kò sí símẹ́ǹtì, kò sí slíìfù tó gba ìyẹn mọ́ra. Má ṣọ́ owó lórí intercooler, ẹ̀rọ tó ń mú afẹ́fẹ́ tọ́bò tutù.

Kí o tó ra ohunkóhun: fọ blọ́ọ̀kù náà mọ́. Fi kẹrosíìnì nu ojú òkè rẹ̀ àti etí gbogbo ihò bọ́ọ̀tù, jẹ́ kó jókòó díẹ̀, fi àkísà gbígbẹ nù ún kúrò pátápátá, kí o wá gún ṣọ́ọ̀kì, kí o gbọ̀n ọ́n sí i. Bí ìlà dúdú bá yọ lára ṣọ́ọ̀kì, kẹrosíìnì ló ń sun jáde nínú ibi tó ti là. Ẹ̀rọ mágínẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wo irin kò lè rí ti alumíníọ̀mù. Wo ọ̀nà omi dáadáa pẹ̀lú. Omi ẹ̀rọ ni gbogbo yín ń bù sí i, kì í ṣe kúláńtì, ẹ tún yọ tẹ́mọ́sítáàtì jù sígbó. Omi yẹn ń jẹ alumíníọ̀mù bí ikán.

ỌmọTáńkẹ̀

Bàbá, ẹ ṣeun gan-an. Ọlọ́run á jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa. Mo jẹ́bi ti omi ẹ̀rọ. Tẹ́mọ́sítáàtì náà… ẹ má bínú. Mo máa ṣe ti kẹrosíìnì lálẹ́ yìí, ìnṣá Allāhù.

ỌmọỌ̀fàNíHouston

Bàbá, mo kí yín o. Ẹ jẹ́ kí n fi díẹ̀ kún un, kí n sì bá yín jìjàkadì níbì kan, ẹ sáà mọ ohun tó jẹ́ orò wa l'Ọ́fà.

Òótọ́ ni wọ́n sọ fún ọ, àbúrò. Níbí, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti kọjá 500 hp lórí ihò ilé-iṣẹ́ K24 láìfọwọ́ kan blọ́ọ̀kù, nígbà tí wọ́n bá ti pààrọ̀ rọ́ọ̀dù àti pístọ́nù. Ìsàlẹ̀ K24 tiẹ̀ le dáadáa: àwọn ìdérí bẹ́ríìn kráńkì kò dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan, odindi kan ni wọ́n, tó di blọ́ọ̀kù mú láti ẹ̀gbẹ́ kan dé èkejì.

Ibi tí mo ti fẹ́ jìjàkadì ni pé blọ́ọ̀kù ní ohun tí o lè ṣe sí i tí kò wọ́n. Fi stọ́ọ̀dù ARP rọ́pò bọ́ọ̀tù tọ́pù sílíńdà. Bọ́ọ̀tù ń yí bó ṣe ń mú, ó ń fi okùn rẹ̀ jẹ alumíníọ̀mù. Stọ́ọ̀dù dúró sójú kan, nọ́ọ̀tì nìkan ló ń yí, ó ń fa tọ́pù sílíńdà sọ̀ kalẹ̀ bákan náà káàkiri. Ọrùn ihò tí wọ́n tẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa kì í rí àyè mì. Fi gáskẹ́ẹ̀tì onírin onípele púpọ̀ sí i, kí wọ́n sì skíìmù ojú méjèèjì títí á fi dán, torí irú gáskẹ́ẹ̀tì yẹn kì í dárí ji ojú tó rí págunpàgun.

Fún kọ̀ǹpútà, wá ECU ti Acura RSX, kí o fi K-Pro ti Hondata, èyí tí a fi ń tún un ṣètò, sínú rẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "mo ti ṣe irú ẹ̀ rí" bá ọ tún un ṣe láìsí wideband, ẹ̀rọ tó ń wọn bí epo àti afẹ́fẹ́ ṣe pò, lára èéfín.

Tọ́nàGàréèjìỌ̀fà

O ò bá mi jìjàkadì o, Houston, o gbé mi lórí ni. Stọ́ọ̀dù dára. Mo gbàgbé ni, ọ̀rọ̀ slíìfù yẹn ló gbà mí lọ́kàn.

ỌmọTáńkẹ̀

Bàbá, mo ti ṣe é. Mo rò pé ẹ̀rí kò dára.

Ìlà kan yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ láti etí ihò bọ́ọ̀tù kan nítòsí pístọ́nù kẹrin, ó wọ inú ọ̀nà omi lọ. Mo fi èékánná họ ọ́, mo rò pé ojú ibi tí irinṣẹ́ gbà ni. Mo nù ún, mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì, ó ń padà yọ síbì kan náà. Láti ibẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn, ojú òkè blọ́ọ̀kù ti jẹ wọ́lọwọ̀lọ bí iṣu tí ikán jẹ. Ṣé wẹ́dà kò lè lẹ̀ ẹ́?

Tọ́nàGàréèjìỌ̀fà

Ó lè lẹ̀ ẹ́. Ooru wẹ́dì á wá yí ihò kẹrin sí ẹ̀gbẹ́, wàá sì tún pada wá bá mi.

Mo mọ ohun tó ṣe é. Ẹnìkan ti tú ẹ́ńjìnì yẹn rí kó tó dé ọwọ́ rẹ, kò fa omi àti ọ́ìlì kúrò nínú ihò bọ́ọ̀tù kó tó dì í padà. Ọ́ìlì kò ṣeé tẹ̀ wẹ́rẹ́. Bọ́ọ̀tù ń sọ̀ kalẹ̀, ọ́ìlì kò rí ibi sá sí, blọ́ọ̀kù ló yẹ̀ fún wọn. Kò sí tọ́bò nínú èyí. Pẹ̀lú 160 hp pàápàá, gáskẹ́ẹ̀tì rẹ ìbá ti jó kí ọdún yìí tó parí.

K24 kò ṣòroó rí, EOD ló kún títì. Wá òmíràn, blọ́ọ̀kù nìkan, kì í ṣe odindi ẹ́ńjìnì. Gbé ìgò kẹrosíìnì àti ṣọ́ọ̀kì dání lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tà á. Bó bá ní kí o má ṣe é, kúrò níbẹ̀. ₦800,000 yẹn, má fọwọ́ kan ju èyí tó o máa fi ra blọ́ọ̀kù lọ títí tí mo fi máa rí i.

Ti àtijọ́ náà, má tà á fún onípáànù. Gbé e wá sọ́dọ̀ mi ní gàréèjì lọ́jọ́ Sátidé, lẹ́yìn aago mẹ́wàá. Máa mú súùtù iṣẹ́ wọ̀. Màá fi ẹ̀rọ là á sí méjì láàárín ihò kẹta, kí o fojú ara rẹ rí bí omi ṣe ń yí i ká àti ibi tí irin láínà ti pàdé alumíníọ̀mù. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi náà kò tíì rí i rí.

Gọ́ọ̀fùMẹ́ta

Bàbá, ṣé mo lè wá wò ó náà?

Tọ́nàGàréèjìỌ̀fà

Wá. Gbé gíà tó kú yẹn dání.